Bí a ṣe ń wọn eré àti agbára lórí kẹ̀kẹ́ ológeere, nínú ilé àti lójú títì Abẹ́òkúta

Ẹni tó bá ń wa kẹ̀kẹ́ ológeere lórí trainer (ẹ̀rọ tó ń di kẹ̀kẹ́ mú sójú kan) nínú ilé láàárín ọ̀sẹ̀, tó sì ń gbé e jáde lọ sí ọ̀nà Alábàtà tàbí ọ̀nà Ṣágámù lọ́jọ́ Sátidé, á ti rí i pé iye méjèèjì kì í bára mu. Nínú ilé, fóònù ní kìlómítà 35 ló ń sá ní wákàtí kan. Lójú títì, pẹ̀lú òógùn tó ju tilé lọ, 23 ló rí. Ọ̀pọ̀ á wá mú èyí tó bá dùn mọ́ wọn nínú. Àwọn míì á lọ ra power meter (ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ẹsẹ̀) olówó gọbọi, wọ́n á dè é mọ́ kẹ̀kẹ́ láìwọn ohunkóhun, wọ́n á sì máa bá nọ́ḿbà tí kò tọ̀nà yí fún ọdún gbáko.

Èrò tèmi ni pé wáàtì, ìyẹn ìwọ̀n agbára, ló yẹ kéèyàn fi máa wọn ara rẹ̀, kì í ṣe eré. Atẹ́gùn lè bu eré kù, òkè lè bù ú kù, táyà tó rọ̀ lè bù ú kù, ọkọ̀ ńlá tó wà níwájú yín sì lè bù kún un. Wáàtì ní tirẹ̀, ohun tí ẹsẹ̀ yín ṣe ló ń sọ. Síbẹ̀, a ò ní fo eré dá, torí ẹni tí kò bá wọn eré dáadáa kò ní lè yẹ wáàtì wò. Ẹni tí kò ní owó power meter, kó má kúrò níbí o: Ìpele 4 wà fún un, àwọn òkè Abẹ́òkúta sì ni yóò fi ṣe é.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Pọ́ǹpù tó ní gáàjì.
- Téèpù gígùn tí àwọn kápẹ́ńtà ń lò. Ti télọ̀ kúrú jù.
- Ṣọ́ọ̀kì.
- Òṣùwọ̀n tí èèyàn lè dúró lé.
- Fóònù, tàbí kọ̀ǹpútà kékeré tó wà fún kẹ̀kẹ́.
- Sẹ́ńsọ̀ eré tí wọ́n ń so mọ́ àárín wíìlì. Bí owó bá wà fún ẹyọ nǹkan kan péré, èyí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà.
- Power meter, bó bá wà.
- Fún inú ilé: trainer, fáànù tó lágbára, àti íńfátà tàbí ohun mìíràn tó lè gba iná dúró bí NEPA bá mú un lọ.
- Ìwé àti báírò. Ẹ má rò pé ẹ máa rántí.

Ìpele 1: Ẹ wọn yípo táyà

Sẹ́ńsọ̀ eré kò mọ bí ọ̀nà ṣe gùn tó. Iye ìgbà tí táyà yí ló ń kà, á wá fi ìwọ̀n yípo táyà tí ẹ sọ fún un sọ ọ́ di mítà. Bí ìwọ̀n yẹn bá ti ṣì, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e ló ṣì.

1. Ẹ fẹ́ táyà dé ibi tí ẹ máa ń fẹ́ ẹ dé gan-an, kí ẹ sì fi gáàjì tiyín wò ó. Fífi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kò tó.
2. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sórí sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú. Ẹ yí táyà títí ẹnu ibi tí a ti ń fẹ́ ẹ fi máa kọjú sílẹ̀ gangan, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ níbẹ̀.
3. Ẹ jókòó sórí kẹ̀kẹ́. Kí ẹnì kan dì yín mú, tàbí kí ẹ máa fi ọwọ́ kan ògiri lọ.
4. Ẹ yí lọ síwájú ní ìgbà mẹ́ta, tààrà láìtẹ̀, títí ẹnu táyà á fi tún kọjú sílẹ̀. Ẹ fa ìlà kejì.
5. Ẹ wọn àárín ìlà méjèèjì ní mìlímítà, kí ẹ pín in sí mẹ́ta.

Táyà 700×25 sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 2105, 700×28 nǹkan bí 2136, táyà 26×2.0 nǹkan bí 2055. Bí tiyín bá jìnnà sí èyí tó bá táyà yín mu, ẹ tún un wọ̀n.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ni pé wọn kì í jókòó sórí kẹ̀kẹ́. Táyà tí kò ru èèyàn ga ju táyà tó ru èèyàn lọ, yípo rẹ̀ á sì gùn jù. Ìkejì ni pé wọ́n á fi ohun tí áàpù yàn fún wọn sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tí táyà rẹ̀ jẹ́ 2105 tí áàpù sì gbà pé 2136 ni, bó bá rin kìlómítà 40, ohun tó máa rí ni 40.6.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìyàtọ̀ bá kọjá mìlímítà 5 lórí yípo kan, ẹ kò yí lọ tààrà. Ẹ tún un ṣe.

Ìpele 2: Ẹ so sẹ́ńsọ̀ pọ̀, kí ẹ fi GPS yẹ̀ ẹ́ wò

Inú áàpù tí ẹ fẹ́ lò ni kí ẹ ti wá sẹ́ńsọ̀, ẹ má lọ so ó pọ̀ láti ojú Bluetooth fóònù. Ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ ni kì í gbà ju ẹnì kan lọ lórí Bluetooth lẹ́ẹ̀kan náà. Bí áàpù kan bá ti dì í mú lẹ́yìn, kọ̀ǹpútà orí kẹ̀kẹ́ ò ní rí i, ẹ̀yin á sì rò pé bátìrì ló kú. Ẹ pa áàpù tí ẹ kò lò. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ń gba ANT+ (ọ̀nà mìíràn tí sẹ́ńsọ̀ ń gbà ránṣẹ́ láìlo wáyà), ẹ lo ìyẹn, torí ẹ̀rọ bíi mélòó kan lè jọ máa gbọ́ sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo lórí rẹ̀.

GPS nìkan tó fún ẹni tó kàn fẹ́ mọ bí òun ṣe rìn jìnnà tó. Fún eré ìṣẹ́jú yìí, kò tó rárá. Lábẹ́ igi, láàárín ilé tó súnmọ́ra bíi ti ìsàlẹ̀ Ìtòkú, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, ìlà á máa fò kúrò lójú ọ̀nà, eré á sì máa lọ sókè-sódò nígbà tí ẹsẹ̀ yín kò yí padà.

*Àyẹ̀wò:* Lọ́wọ́ ìdájí, lórí ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀, ẹ rin kìlómítà 5 pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ àti GPS papọ̀. Kò yẹ kí ìyàtọ̀ wọn ju mítà 50 lọ. Bí sẹ́ńsọ̀ bá ń fi iye tó gùn ju ti GPS hàn nígbà gbogbo, yípo táyà ni kí ẹ tún wò. Bó bá gùn lónìí tó tún kúrú lọ́la, GPS ló ń ṣe yín bẹ́ẹ̀.

Àyẹ̀wò kejì kò nílò GPS rárá. Ẹ ka eyín jíà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Bí ti iwájú bá jẹ́ 50, tí ti ẹ̀yìn jẹ́ 17, tí ẹsẹ̀ yín ń yí ní ìgbà 90 ní ìṣẹ́jú kan lórí táyà 2136, eré yín gbọ́dọ̀ súnmọ́ kìlómítà 33.9 ní wákàtí kan. Ẹ pín 50 sí 17, ẹ fi 2.136 sọ ọ́ di púpọ̀, lẹ́yìn náà 90, lẹ́yìn náà 60, ẹ wá pín in sí 1000.

Ìpele 3: Ẹ mú kí power meter sọ òótọ́

Ohun tí mítà, ìyẹn power meter, ń wọn ni bí irin ṣe ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dà. Ó máa ń fi èyí mọ torque, ìyẹn agbára tó ń yí kíránkì (irin tó gbé pẹ́dà dúró), á fi bí ẹsẹ̀ ṣe ń yára yí sọ ọ́ di púpọ̀, ibẹ̀ ni wáàtì ti ń jáde. Nítorí náà ọ̀nà mẹ́ta ló lè gbà purọ́: gígùn kíránkì, òdo rẹ̀ (ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà), àti ooru.

*Gígùn kíránkì.* Ẹ wo ẹ̀yìn kíránkì níbi tí pẹ́dà ti wọlé. Ẹ máa rí 165, 170, 172.5 tàbí 175 níbẹ̀. Bí mítà yín bá jẹ́ ti inú pẹ́dà, ẹ̀yin lẹ máa sọ iye yìí fún un. Kíránkì 170 tí wọ́n kọ 175 fún máa ń fi nǹkan bí wáàtì 206 hàn fún ẹni tí agbára rẹ̀ jẹ́ 200. Èèyàn á máa yọ̀ pé òun ti ń lágbára sí i.

*Òdo.* Kí ẹ tó gbéra, ní gbogbo ìgbà, ẹ dá mítà padà sí òdo. Ẹ má fi ẹsẹ̀ sórí pẹ́dà, ẹ gbé kíránkì dúró bí ìwé mítà yín ṣe sọ, ẹ tẹ ohun tó yẹ nínú áàpù. Ó máa fún yín ní nọ́ḿbà kan. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Nọ́ḿbà yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ọjọ́ tó bá fò lójijì, bátìrì tàbí bí ẹ ṣe de pẹ́dà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

*Ooru.* Ibí ni àwa tó wà níbi tí oòrùn ti ń mú gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Irin máa ń fẹ̀, ó sì máa ń súnkì. Bí kẹ̀kẹ́ bá ti inú yàrá tí éàsì ti ń fẹ́ jáde bọ́ sí oòrùn aago mẹ́wàá, òdo tí ẹ ṣe nínú yàrá ti kúrò ní òdo. Nígbà ọyẹ́ pàápàá, òwúrọ̀ tútù nini, ọ̀sán sì gbóná. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ síta fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó dá a padà sí òdo, bí ìrìn náà bá sì gùn, ẹ dúró lẹ́ẹ̀kan sí i ní ojú ọ̀nà kí ẹ tún un ṣe.

Ẹni tó ń lo mítà ẹsẹ̀ òsì nìkan, kó mọ̀ pé ohun tó ń ṣe ni pé ó ń sọ ti ẹsẹ̀ òsì di ìlọ́po méjì, á sì ṣe bí ẹni pé ìyẹn ni ti ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí ẹsẹ̀ òsì bá ń ṣe 104 nínú 200, 208 ló máa hàn. Kò burú, níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò bá fi í wé ti ẹlòmíràn.

*Àyẹ̀wò:* Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Bí áàpù mítà yín bá ń fi torque hàn, ẹ ra odidi àpò píọ̀ wọ́tà kan. Bí ọ̀rá 20 bá wà nínú rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 50 cl, ó yẹ kó súnmọ́ kìlò 10, ṣùgbọ́n ẹ má gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀, torí ọ̀rá míì kì í kún. Ẹ gbé e lórí òṣùwọ̀n. Ẹ yọ díẹ̀ tàbí kí ẹ fi kún un títí ó fi máa jẹ́ kìlò 10 pẹ̀lú okùn tí ẹ fẹ́ fi so ó. Ẹ di búréèkì ẹ̀yìn mú pinpin, ẹ na kíránkì síwájú kó dúró gbọọrọ, kí ó má gbé orí sókè, kí ó má sì tẹ orí ba, ẹ wá fi okùn so omi náà rọ̀ sí àárín pẹ́dà. Lórí kíránkì 170, 10 × 9.81 × 0.170 (kìlò, òòfà ilẹ̀, àti gígùn kíránkì ní mítà) jẹ́ 16.7. Ẹ yọ iye tí mítà fi hàn kí ẹ tó so omi kúrò nínú ohun tó fi hàn nísinsìnyí. Bó bá wà láàárín 16.4 sí 17.0, mítà yín dára. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ wo bóyá kíránkì tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ nígbà tí ẹrù fà á, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti sábà ń wá, kí ẹ tó dá mítà lẹ́bi.

Ìpele 4: Bí kò bá sí mítà, ẹ lo òkè

Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, atẹ́gùn ló ń jẹ púpọ̀ nínú agbára yín, kò sì sí ẹni tó mọ iye tó jẹ. Ní kìlómítà 20 ní wákàtí kan, ó lè gba nǹkan bí wáàtì 40. Ní 30, nǹkan bí 137. Eré kò tíì pọ̀ tó ìlọ́po méjì, atẹ́gùn ti ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń gun òkè díẹ̀díẹ̀, ìwúwo yín ló ń gba agbára náà, ìwúwo sì ṣeé wọ̀n. Ìdí nìyí tí òkè fi sàn ju títì tó tẹ́jú lọ fún iṣẹ́ yìí, òkè kò sì wọ́n wa.

1. Ẹ wá òkè tó gùn tó mítà 500 ó kéré tán, tó ga déédéé, tí kò ní bọ́ǹpù, tí kò ní ojú ìpàdé ọ̀nà, tí kò sì sọ̀ kalẹ̀ láàárín. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá a láti ọ̀nà tó gun Òkè-Mosàn. Òkè tó pọ̀n bí ògiri kò dára. Ẹsẹ̀ á dúró, ẹ máa bọ́ sílẹ̀.
2. Ẹ yan àmì méjì tí kò lè kúrò, bí òpó iná àti igun géètì.
3. Ẹ wá gíga láàárín àmì méjèèjì. Google Earth máa ń fi gíga ilẹ̀ hàn. Ẹ kà á níbi àmì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún kà á díẹ̀ sí òsì àti sí ọ̀tún, torí ibi tí wọ́n ti gé òkè láti fi ṣe títì lè ṣi yín lọ́nà. Bí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà tó ń lo ìwúwo afẹ́fẹ́ láti mọ gíga, òun ló sàn jù.
4. Ẹ wọn ara yín pẹ̀lú bàtà, akoto àti omi. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ kí ẹ wọ̀n ọ́n papọ̀. Ohun tó bá gun òkè ni kẹ́ ẹ kà.
5. Ẹ gùn ún déédéé, kí ẹ sì fi aago mú un láti àmì dé àmì. Ẹ ti wà lórí ìrìn kí ẹ tó dé àmì àkọ́kọ́.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Kí a sọ pé gbogbo ìwúwo jẹ́ kìlò 82, òkè náà gùn ní mítà 600, ó ga ní mítà 36, ẹ sì lo ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 30, ìyẹn àáyá 150. 82 × 9.81 × 36, kí ẹ pín in sí 150: wáàtì 193. Ìyẹn ti òkè nìkan. Ti táyà lórí ọ̀dà: 82 × 9.81 × 0.006 × 4, ìyẹn 19, torí 0.006 ni bí táyà ṣe ń fà sẹ́yìn lórí ọ̀dà, mítà 4 sì ni ẹ ń rìn ní àáyá kọ̀ọ̀kan. Ti atẹ́gùn ní eré yìí jẹ́ nǹkan bí 15. Àpapọ̀ 227. Ṣéènì àti jíà náà ń jẹ díẹ̀, nǹkan bí 3 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà ẹ pín 227 sí 0.97. Ẹsẹ̀ yín ṣe nǹkan bí wáàtì 234.

Gíga ni ibi tí iṣẹ́ yìí ti lè bàjẹ́. Bí ẹ bá fi mítà 3 ṣì í lórí òkè mítà 36, ti òkè nínú ìṣirò yín á fi nǹkan bí 8 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì. Lórí òkè tó ga ní mítà 100, 3 péré ni. Nítorí náà, bí ẹ bá rí òkè tó ga jù, òun ni kẹ́ ẹ mú. Bí ẹ kò bá tiẹ̀ mọ gíga rẹ̀ dáadáa, ẹ má yà kúrò lórí òkè kan náà: àṣìṣe kan náà ló máa wà nínú gbogbo rẹ̀, ẹ sì máa rí ìlọsíwájú yín kedere.

Mo bẹ̀ yín, aago mẹ́fà àárọ̀ Sunday ni kẹ́ ẹ lọ, kí kẹ̀kẹ́ Márúwá àti takisí tó gba ojú ọ̀nà. Ẹ tan iná iwájú àti tẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí aago máa ka nǹkan rẹ̀, kí ojú yín wà lọ́nà.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ bẹ ọ̀rẹ́ tó ní power meter kí ẹ jọ gùn ún, kí ẹ sì ṣe ìṣirò tirẹ̀ náà. Bí ìṣirò àti mítà rẹ̀ bá fi wáàtì 10 sí 15 jìn síra, iṣẹ́ yín dára gan-an.

Ìpele 5: Nínú ilé

Ẹ gbàgbé eré. Lórí trainer, atẹ́gùn kò sí, òkè kò sí, ìwúwo yín kò lọ síbì kankan. Eré tí Zwift (áàpù tí wọ́n fi ń wa kẹ̀kẹ́ nínú ilé) fi hàn, ìṣirò ni: wáàtì yín, ìwúwo tí ẹ kọ, gíga tí ẹ kọ, àti òkè orí àwòrán ló fi ṣe é. Ẹni tó bá fi kìlò mẹ́wàá dín ìwúwo rẹ̀ kù nínú áàpù máa fò bí ẹyẹ lórí òkè. Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí i, tí trainer yín sì lè di wáàtì mú sójú kan, ẹ ní kó dì í mú sí 150, kí ẹ wá pààrọ̀ jíà. Táyà tàbí àgbá inú rẹ̀ á máa yára tàbí kó máa falẹ̀, wáàtì á sì wà níbi tó wà.

Bí trainer yín bá jẹ́ èyí tí táyà ń fara ti rólà, ẹ fẹ́ táyà dé ìwọ̀n kan náà ní gbogbo ìgbà, kí ẹ sì ka iye ìgbà tí ẹ yí ìdè rólà kó lè rí bákan náà lọ́jọ́ kejì. Ẹ kọ́kọ́ wà á fún ìṣẹ́jú 10 kó gbóná, lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣe spindown: ẹ sáré dé iye tí áàpù bá sọ, ẹ dá ẹsẹ̀ dúró, kó fúnra rẹ̀ ka bó ṣe ń falẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é kó tó gbóná ló ń rí wáàtì tó yàtọ̀ ní ìparí sí ti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fáànù: kì í ṣe afẹ́. Lójú títì, ìrìn yín fúnra rẹ̀ ń fẹ́ yín. Nínú yàrá, ooru ara ń kó jọ, ìlù ọkàn á ga sí i fún wáàtì kan náà, agbára á sì wálẹ̀. Ẹ gbé fáànù síwájú, kó dojú kọ àyà. Ẹ so trainer, fáànù àti íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́ íńfátà, torí bí iná bá lọ láàárín ìdánwò ìṣẹ́jú 20, ẹ̀rọ tó ń lo iná máa ń tú ẹsẹ̀ sílẹ̀ lójijì, ìdánwò yẹn sì ti bàjẹ́. Bí ẹ kò bá ní íńfátà, trainer olóróró tí kì í lo iná ló dára fún yín. Áàpù lè fi eré tí sẹ́ńsọ̀ kà àti bí rólà ṣe ń le sí i ṣe ìṣirò wáàtì fún yín, bí táyà àti rólà kò bá ti yí padà.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ wà á ní 150 fún ìṣẹ́jú 5 nígbà tó ti gbóná, àti fún ìṣẹ́jú 5 mìíràn ní ìparí. Bí ìkejì bá nira ju ti àkọ́kọ́ lọ púpọ̀ láìsí pé ó ti rẹ̀ yín, ẹ̀rọ ti kúrò níbi tí ẹ fi í sí.

Ìpele 6: Ẹ fi tilé wé tìta

Mítà kan náà ni kí ẹ lò níbi méjèèjì bó bá ṣeé ṣe. Ti pẹ́dà rọrùn jù fún èyí. Bí ó bá jẹ́ trainer ló ń wọn tilé tí pẹ́dà ń wọn tìta, ẹ rántí pé ṣéènì wà láàárín wọn: bí pẹ́dà bá ní 200, ó yẹ kí trainer ní nǹkan bí 192 sí 196. Bí trainer bá ju pẹ́dà lọ, ọ̀kan nínú wọn ń purọ́.

Ẹ má fi àpapọ̀ ìrìn kan wé èkejì. Lójú títì ẹ máa sọ̀ kalẹ̀, ẹ máa dúró ní Pańṣẹ́kẹ́, ẹ máa dá ẹsẹ̀ dúró. Gbogbo òdo wọ̀nyẹn ń fa wáàtì wálẹ̀. Nínú ilé kò sí òdo. Abala tí ẹsẹ̀ kò dúró ni kí ẹ fi wéra: ìṣẹ́jú 5 lórí òkè, ìṣẹ́jú 5 lórí trainer. Fún agbára tí ẹ lè dì mú fún bíi wákàtí kan, ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á wà á ní gbogbo agbára fún ìṣẹ́jú 20, wọ́n á sì fi 0.95 sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ ṣe tilé lọ́tọ̀, tìta lọ́tọ̀, kí ẹ sì lo ọ̀kọ̀ọ̀kan níbi tí ẹ ti ṣe é.

Nínú ìwé yín, ẹ kọ ọjọ́, ìwọ̀n atẹ́gùn táyà, nọ́ḿbà òdo, ìwúwo, ooru ọjọ́ náà, wáàtì àti ìlù ọkàn. Bí tilé àti tìta bá fi ju wáàtì 10 jìn síra nínú 200 fún ìlù ọkàn kan náà, tí fáànù sì ń fẹ́ dáadáa, ẹ padà sí Ìpele 3, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo.